Òjò Àkọ́rọ̀ Ti Rọ̀ ní Ọ̀kà

Màmá mi àtàtà,

Ìtàkúrọ̀sọ ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bá ara wọn sọ láìsí iṣẹ́ kankan tí wọ́n fẹ́ fi rán ara wọn. Kì í ṣe ìpàdé, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ìkìlọ̀. Bí a kò bá sọ ọ́, kò sóhun tó bàjẹ́. Bí a bá sì sọ ọ́ tán, kò sóhun tí a lè nawọ́ sí pé òun la rí gbé lọ sílé. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níbí, ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Tíṣà ti tún dé." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè. Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn ní yunifásítì, kí àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn lè mọ ohun tí a ń sọ kí a tó wọ inú rẹ̀. Mo gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lọ́nà mìíràn, kò lọ.

Ọ̀rọ̀ fóònù yín ni mo fẹ́ sọ.

Mo ṣì ń fi iná sí i. Ojú fèrèsé níbi tí ẹ máa ń gbé e sí náà ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú yín, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń dé dáadáa nínú ilé wa. Àràárọ̀ ló ń dún. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ni. Ẹ rántí pé kíláàsì ọṣẹ olómi lẹ jọ wọ̀ lórí Wasáàpù. Olùkọ́ yín kọ́ yín débi tí wọ́n ti ń ro ọṣẹ pọ̀, ó bá tibẹ̀ pòórá. Àwọn yòókù bínú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ẹ̀yin mẹ́rin: ẹ̀yin, Alájà tó ń gbé Ìlọrin, Ìyá Tómíwá tó ń gbé Badagry létí òkun, àti Àǹtí Fúnmi tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Kánádà. Kò sí èyí tó rí ẹnì kejì lójúkojú rí nínú yín. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó fi ọṣẹ náà fọ ohunkóhun. Ẹ sọ fún wọn pé orí òkè nilé wa wà ní Ọ̀kà, ni wọ́n bá sọ yín ní Màmá Olókè.

Mo fẹ́ràn òfin tí ẹ ṣe fún wọn. Bóyá mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín rí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Alájà kọ ọ́ sí gbogbo yín pé, "Ẹ kú ooru o, ará ilé." Kò pẹ́ ni Àǹtí Fúnmi fi àwòrán mọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, yìnyín bò ó dé ojú wíńdò. Ìyá Tómíwá ní, "Alájà, ooru wo? Àbí ẹ fẹ́ fi tiyín ta á lọ́rẹ ni?" Alájà ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Bí ooru Ìlọrin bá ṣe é dì sínú àpò tà, ṣé èmi yìí ni ẹ ó máa rí lójú pópó?" Ẹ̀yin wá fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa béèrè, pé èèyàn kì í kí ẹni tí òjò ń pa kú oòrùn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú yín kò kí ẹnì kan láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ bi í pé: Kí lojú ọjọ́ wí lọ́dọ̀ yín? Bó bá ní òtútù ni, ẹ ó ní ó kú òtútù. Bó bá ní òjò ń ṣú, ẹ ó kí i fún òjò tó ń ṣú.

Lẹ́yìn ìkíni ni ìtàkúrọ̀sọ gan-an yóò bẹ̀rẹ̀. Tómíwá tó kọ̀ tí kò mú ìyàwó wálé. Ẹja tó wọ́n ní Badagry, ẹ gbọ́, ní Badagry létí omi. Ọkọ Alájà tó ń bá ológbò rẹ̀ jà. Bí mo bá sì fi ọkọ̀ gbé yín lọ sí Ìkàrẹ́ láti lọ ra bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ, ẹ ó ròyìn rẹ̀ fún wọn bí ẹni pé òkè òkun la lọ: bí a ṣe gba Àkùngbá kọjá, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kún ojú ọ̀nà bí ẹni pé ọ̀nà bàbá wọn ni, bí ẹ ṣe jẹ àkàrà gbígbóná nínú ọkọ̀ tí epo rẹ̀ kán sí ìjókòó mi. Àmì epo náà ṣì wà níbẹ̀. Mi ò fọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé mo ń fi í pa mọ́ nítorí yín. Mi ò kàn fọ̀ ọ́ ni.

Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n wá. Ẹ ní kí wọ́n wá wo òkè wa, kí ẹ jọ jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ jẹ iṣu sísun. Ìyá Tómíwá ní òun kò gun ohun tó ga ju àtẹ̀gùn báńkì lọ rí. Wọn ìbá ti wá nígbà Kérésì, ẹ kọ̀. Ẹ ní kí wọ́n má wá nínú ọyẹ́, pé eruku ni wọn ó wò, kí wọ́n dúró di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fọ ojú ọ̀run, nígbà náà ni wọn ó rí gbogbo òkè dé apá Ìkàrẹ́. Òótọ́ lẹ sọ. Àǹtí Fúnmi tìtorí ẹ̀ sún ìsinmi rẹ̀ síwájú. Láti ìgbà náà, bó ti ń mọ́ ni wọ́n ń béèrè: Màmá Olókè, ṣé òjò ti rọ̀ ní Ọ̀kà? Ẹ̀yin náà ó ní kò tíì rọ̀.

Inú ọyẹ́ náà lẹ lọ. Ẹ sùn lọ́sàn-án, ẹ kò jí.

Èmi ni mo fi fóònù yín sọ fún wọn. Mo kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì, mo tún un kà kí n tó fi ránṣẹ́, mo sì tún àmì ohùn kan ṣe. Alájà fi ohùn ránṣẹ́, ẹkún ni látòkè délẹ̀. Mo gbọ́ ọ tán. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́. Nígbà ìsìnkú, mo bá àwọn tó gbé àga wá ṣètò àga. Mo máàkì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, mi ò sì ṣi ẹyọ kan. Mo ń jẹun. Adùn rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́.

Àwọn kan nínú ẹbí ní ọkàn mi le bí àpáta. Mi ò bínú. Ẹ̀kọ́ nípa àpáta ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé wọn kò mọ àpáta. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń pa àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé wa, òkè rẹ̀ ló ń gbóná, inú kò tíì mọ̀. Ooru náà ń rin ìrìn àjò lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn á ti wọ̀, àwọn adìyẹ á ti wọlé, kó tó dé inú. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí eegun bá ń ro yín, tí ẹ ó ní àpáta ń jó yín nídìí. Kì í ṣe pé àpáta kò gba ooru. Ó máa ń pẹ́ ni. Mo rò pé ohun tó ń ṣe mí nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Mo kàn ń dúró.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Tómíwá kọ̀wé: "Ọmọ Olókè, kí lojú ọjọ́ wí lọ́dọ̀ yín?" Mo ní ọyẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ kú ọyẹ́." Ó parí. Àwọn èèyàn mìíràn ń bi mí bó ṣe ń ṣe mí, mi ò sì ní èsì. Ojú ọjọ́ ni mo ní èsì fún. Nítorí náà mo ń dá àwọn ọ̀rẹ́ yín lóhùn láràárọ̀. Eruku ni. Òtútù díẹ̀ ni. Ooru ti ń dé. Bí mo bá ti dáhùn tán, ọ̀kan nínú wọn á rọra béèrè: ṣé òjò ti rọ̀? Mo ń sọ fún wọn pé kò tíì rọ̀.

Àná ló rọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Àkùngbá ni. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wá láti apá Ṣúpárè, ó ti ilẹ̀kùn yàrá yín pa. Lẹ́yìn náà ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ẹ rántí abọ́ tí ẹ gbé sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ láti inú ọyẹ́, tí mo bi yín pé òjò wo lẹ ń gbé abọ́ dè? Ibẹ̀ ló wà. Omi àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀ pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀, ó ń mọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi kún tó ṣàn dànù. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dúró.

Láàárọ̀ yìí, fóònù dún. Alájà béèrè ojú ọjọ́. Àǹtí Fúnmi tẹ̀ lé e. Èkó ló wà báyìí, ó ti délé. Ó ní, "Ọmọ Olókè, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń padà sí Kánádà o. Ṣé òjò yín yìí, inú ìgò ni wọ́n rọ ọ́ pa mọ́ sí ni?" Mo tẹ̀ ẹ́ pé: Kò tíì rọ̀. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ìka mi wà lórí rẹ̀.

Màmá, mi ò kọ ohun tí mi ò rí sílẹ̀ rí nínú iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ kọ èyí. Bí mo bá ní kò tíì rọ̀, ohun tí ẹ ń dúró dè kò tíì dé, ẹ̀yin náà ṣì wà lẹ́nu ìdúró. Bí mo bá ní ó ti rọ̀, ìdúró yín parí, ilé ṣófo. Wọn ó sì wá. Wọn ó jókòó sójú ibi tí ẹ máa ń jókòó, wọn ó sunkún, èmi ó máa bu omi fún wọn pẹ̀lú ojú gbígbẹ. Ṣé wọn ò ní sọ pé irú ọmọ wo lèyí? Ṣé ẹ̀yin náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀?

Mo fi fóònù sílẹ̀, mo lọ sórí àpáta. Àpáta ṣì tutù. Eruku ti lọ pátápátá. Mo rí òrùlé àwọn ilé nísàlẹ̀, mo rí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ kan tó ń gòkè bọ̀ bí èèrà, mo rí àwọn òkè lẹ́yìn òkè títí dé apá Ìkàrẹ́, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn gẹ́lẹ́. Mo wò ó. Ó dára. Mo mọ̀ pé ó dára bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tó kà nínú ìwé. Mo fẹ́ kí yín níbẹ̀, ẹnu mi sì ti là, ni mo bá rántí òfin yín. Kí lojú ọjọ́ wí lọ́dọ̀ yín, Màmá? Ṣé òtútù ń mú yín? Ṣé òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀? Bí ẹ kò bá sọ fún mi, kí ni mo fẹ́ kí yín kú?

Mo padà wọlé, mo pa ohun tí mo tẹ̀ rẹ́. Mo kọ ọ́ pé: Òjò ti rọ̀ ní Ọ̀kà.

Alájà ló kọ́kọ́ dé: "Alhamdulilahi. Màmá Olókè, òjò yín ti rọ̀ o." Ẹ̀yin ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Àǹtí Fúnmi ní òun ti ń di ẹrù. Ìyá Tómíwá béèrè bóyá wọ́n lè bá òun wá ẹni tó máa gbé òun pọ̀n gun òkè náà. Alájà ní, "Pẹ̀lú ìdí yẹn? Àfi kí wọ́n háyà katakátà." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan kan ṣe mí ní igun ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Iṣu ti wà nílẹ̀. Ohun tí mo kọ sí wọn kẹ́yìn rèé, kí ẹ lè mọ̀ pé mo ṣètò wọn dáadáa:

Kí gbogbo yín pàdé ní Ìkàrẹ́, mo máa fi ọkọ̀ mi wá kó yín. Àmì epo wà lórí ìjókòó iwájú, ẹ má bẹ̀rù, ó ti gbẹ. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà, kì í ṣe sálúbàtà. Tí ẹ bá dórí àpáta, ẹ tẹ ibi tí kò dán, ẹ má tẹ ojú ibi tó dúdú. Ó máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Bí ẹ bá sì rí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ kọ́kọ́ bi mí pé kí lojú ọjọ́ wí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó wà lójú fèrèsé.