Àdúrà Tó Ṣìnà Nídìí Tábìlì

Ilé wa, Ọ̀fà.

Àdìkẹ́ ọmọ mi,

O kú oríire o, o sì kú làálàá. Mi ò béèrè bóyá ara rẹ le, mo ti rí bí o ṣe fò sókè. Àwa náà wà dáadáa, orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ òògùn, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, atẹ́gùn òjò ṣí páànù ilé ìdáná lọ, ṣùgbọ́n n óò padà sórí ìyẹn.

Ọmọ mi, ṣé ọwọ́ kò dùn ọ́? Èmi ni mo fà á, mi ò sì mọ̀ọ́mọ̀.

O rántí àdéhùn wa pé bí wọ́n bá nà ọ́ nínú àṣekágbá Èkó yìí, wàá fi tẹníìsì orí tábìlì sílẹ̀, wàá wá gba iṣẹ́ tí Alhaji Sàláwù bá ọ wá sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlẹmọ́nà. Alhaji fúnra rẹ̀ wá jókòó tì wá lọ́jọ́ eré náà, ó ní ṣé bọ́ọ̀lù tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ ni yóò máa bọ́ ọ títí ayé. Fóònù Màmá Ayọ̀dàmọ́lá, tíṣà tó fẹ̀yìntì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, la ti ń wo eré náà, ojú fóònù ọ̀hún ti fọ́, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ló di aláwọ̀ ewé, a ò mọ ẹni kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Wọ́n ní ẹni apá òsì ni ìwọ. Ọ̀rọ̀ parí. Màmá ń gbàdúrà lórúkọ Jésù, èmi ń fa tẹ̀sùbáà, pé kí ẹni apá òsì máa borí, kí ọwọ́ ẹni apá ọ̀tún máa gbọ̀n.

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé bí abala kan bá parí, ẹ ó pààrọ̀ àyè! Kí ló dé? Bí tábìlì náà bá dagun, ṣé kò sí káfíńtà ní Èkó ni? Ẹni apá òsì ń borí ṣáá, àwa ń yọ̀, ó kàn ń yà wá lẹ́nu pé eré kò tán. Àfi bí ìyá rẹ ṣe ní ta ni ẹni apá ọ̀tún tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kó tó gbá bọ́ọ̀lù yìí, pé Àdìkẹ́ nìkan ló ń janlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí a bá rán an lọ pọnmi.

A ti ń fi àdúrà gbé ọmọ ọlọ́mọ lékè, a ń fi èpè lé ọwọ́ tiwa! Ẹ ti wá di ọ̀mì, ó ku abala kan. Ká tó kó àdúrà lọ sí apá ọ̀tún, ẹ ti tún pààrọ̀. Ká tó kó o padà, ẹ tún pààrọ̀ láàárín abala. Mo bá dorí fóònù kodò kí o lè bọ́ sí apá òsì, àwòrán náà sì dìde padà fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ wá jágbe mọ́ wa, ó ní ká yé júwe ọ̀nà fún Ọlọ́run, ká pe orúkọ ọmọ, Ó mọ ibi tó dúró. Gbogbo wa bá ń pariwo Àdìkẹ́, Àdìkẹ́, títí bọ́ọ̀lù rẹ fi kan àwọ̀n, tó yọ́ bọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ kejì, tí kò rí i gbá padà, tí o sì borí.

O wá nawọ́ sókè, o ń bẹ̀ ẹ́ nítorí pé bọ́ọ̀lù kan àwọ̀n. Àwa tí ìjàkadì jẹ́ orò wa, ta ló ń dá ènìyàn tán tó tún ń tọrọ àforíjì? Màmá ní ẹ̀kọ́ ilé ni, mo bá gbà. Alhaji ẹlẹ́yin ẹyẹlé ló kọ́kọ́ fò. Mo ní kó fún ẹlòmíràn níṣẹ́ Ìlẹmọ́nà, ọmọ tèmi ti ríṣẹ́.

Ìwé sọ̀wédowó tí wọ́n gbé fún ọ yẹn ga jù ọ́ lọ, má ká a o. Ilẹ̀kùn báǹkì ìhín kò gbà ju ẹnì kan lọ, wá èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ ní Èkó. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù, fún orúnkún ìyá rẹ, àti fún fóònù Màmá, ọwọ́ mi ló ti bọ́ nígbà tí mo fò, kò ṣe àwọ̀ ewé mọ́, dúdú ló kù. Máa jẹun, ẹsẹ̀ rẹ tínrín nínú ṣòkòtò péńpé yẹn. Bá mi kí ọmọ kejì, àdúrà tí a ti fún un, a ò gbà á padà.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀. Apá ibi yòówù kí ayé yí ọ sí, Ẹni tó mọ orúkọ rẹ mọ ibi tí o dúró. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràímì.