Ìwádìí Ejò Tí Wọ́n Tì Mọ́ Wa

Èmi, Mùíbátù Àbẹ̀kẹ́ Hàmídù, ọmọ bíbí Ìlobù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ní kí a kọ èyí sílẹ̀. Àìsàn ti gba ara mi, kò tíì gba làákàyè mi. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ẹ̀yin tí mo fi ṣe alámòójútó ogún mi, Shakirah ọmọ mi àti Tàófíìkì Àlàbí ti Ìfọ́n, ẹ gbọ́ mi o.

1. Ilé mi ní Ìlobù, Shakirah ni mo fún. Kó má tà á.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi, àti àdá òun ọkọ́ Bùràímọ̀ àbúrò mi, kí ẹ kó wọn fún Mọ́ládùn opó rẹ̀. Oko ààlà, ẹ má dá a mọ́. Ibẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ ti bu Bùràímọ̀ jẹ. Ìjà ilẹ̀ láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n ti dí ọ̀nà Ìlobù lọ́jọ́ náà, Ìfọ́n ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ wá ìmọ̀ràn lórí fóònù, ó sì rí ìwádìí lórí ejò oko wa gan-an, àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tó ń pa oró rẹ̀. Àkọlé àti àkékúrú ọ̀rọ̀ nìkan ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde jẹ́ kó kà. Ìyókù, àfi kó san dọ́là. Ó ń wá bí yóò ṣe san án lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi dákẹ́. Yéè! Èmi àti Tàófíìkì la kọ ìwádìí náà.

3. Kọ̀ǹpútà mi di ti Shakirah, pẹ̀lú ètò inú rẹ̀ tó ń to ìtọ́ka àwọn ìwé ìwádìí tí mo kó jọ. Yóò rí i níbẹ̀ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òkè òkun ń tọ́ka sí iṣẹ́ wa lọ́tùn-ún lósì. Iṣẹ́ tí a fi ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí ejò bù jẹ ní ìlú méjèèjì ṣe, nọ́ọ̀sì Ìfọ́n kan kò rí i kà. Ọ̀rọ̀ yìí sú mi.

4. Ìwádìí náà, gbogbo ayé ni mo fún. Òfin àwọn tó fowó ràn wá lọ́wọ́ ni pé bí ọdún kan bá ti pé, kí a gbé ẹ̀dà tiwa síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún náà ti pé kí ejò tó bu Bùràímọ̀ jẹ. Orúkọ Tàófíìkì la fi ṣí àyè wa níbẹ̀, òun nìkan ló lè gbé e. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dáná sun ilé bàbá rẹ̀ nínú ìjà ilẹ̀ náà, ó sì búra pé òun kò ní bá ará Ìlobù da nǹkan pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá lo iṣẹ́ náà, kó dárúkọ Tàófíìkì ṣáájú, kó fi tèmi tẹ̀ lé e.

Tàófíìkì, n kò fún ọ ní nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí kì í jogún, ìwọ ni mo sì fẹ́ ní ẹlẹ́rìí. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí a jọ ń gun ọ̀kadà lọ gba ẹ̀jẹ̀ lóko. Bàbá mi kọ̀, bàbá rẹ kọ̀; ilẹ̀ ló jẹ wọ́n lógún jù wá lọ. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ, olóríkunkun. Ilé yẹn kò ní tinú eérú dìde, Bùràímọ̀ náà kò ní jí. Ejò ṣì wà lóko. Jọ̀ọ́, ṣí i fún wọn.

5. Ìwé yìí kò lè dúró láìsí ìbuwọ́lù ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀kan láti Ìlobù, ọ̀kan láti Ìfọ́n. N kò ní gba ẹlòmíràn dípò.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìlobù, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì, ọdún 2025.

Mùíbátù Àbẹ̀kẹ́ Hàmídù

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Ògúnṣínà Àyàndìran, Ìlobù. Ó ti buwọ́ lù ú.

Ẹlẹ́rìí kejì: Tàófíìkì Àlàbí, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. A gbé àga rẹ̀ síbí. A ṣì ń retí rẹ̀.