Ọ̀rọ̀ Ojú Olúwatóbi

Gbémiga, àbúrò mi,

Ìyá wa ní kí n kí ọ. Orúnkún wọn ti ń gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ṣìkẹ́mi ìyàwó rẹ náà kí ọ. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé. A fi tún òrùlé ṣe, a fi ìyókù ra gáàrì, nítorí ọjà Oǹdó ti gbóná.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ sọ lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí ọsibítù ní ká máa gbé Olúwatóbi ọmọ rẹ lọ sílé, nọ́ọ̀sì ní torí pé oṣù méje ni wọ́n bí i, ká gbé e lọ sí Àkúrẹ́ kí oṣù tó parí, kí dókítà yẹ inú ojú rẹ̀ wò, torí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fọ́ tí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ìyá wa ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í rí ìta kó tó pé ogójì ọjọ́ nínú ilé. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn, a sì dúró títí ogójì ọjọ́ fi pé.

Nígbà tí a dé Àkúrẹ́, dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Ó ní àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bí sí ọsibítù tiwọn, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń yẹ ojú wọn wò. Tóbi kò ríran, kò sì ní ríran.

Ara rẹ̀ le, ó ń mu ọmú dáadáa. Jọ̀ọ́, má bá Ìyá wa wí. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ nínú òtútù ọ̀hún, á sì mú ọ wálé.

Mo ti kó àwọn bọ́ọ̀lù aláwọ̀ mèremère tí o rà sínú àpótí. Tí o bá tún ń ra nǹkan, ra èyí tó ń dún. Kí o sì máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, torí ohùn rẹ ni yóò fi mọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Morẹ́nikẹ́