Omi Tí Mo Fún Bushrah Mu

Iwájú yàrá iṣẹ́ abẹ,
Ọsibítù,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Hafeez ọmọ mi,

Asalaamu alaekun. Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó wà nílé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè wọ mọ́tò. Ewúrẹ́ tó o rà nígbà Iléyá ti bímọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò Sáàpù yìí dé ni awọ ti wọ́n, tìmùtìmù tí mò ń rán kò fi bẹ́ẹ̀ tà, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Àbúrò rẹ Bushrah ń ṣàìsàn, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá.

Inú ló kọ́kọ́ ní ó ń run òun. A rò pé ẹ̀wà tó jẹ ni, a fún un ní àgbo, kò gbọ́. Nígbà tí kò lè nàró mọ́ ni mo gbé e wọ mọ́tò wá síbí. Dókítà tẹ̀ ẹ́ nínú lápá ọ̀tún, ó ní ìfun kékeré kan ló wú, bí àwọn kò bá tètè gé e, ó lè bẹ́ sí i nínú. Wọ́n ní àwọn á kùn ún lóorun kó má bàa mọ ìgbà tí abẹ bá kàn án. Mo bi wọ́n pé ṣebí Ọlọ́run nìkan ló ń gba ẹ̀mí lójú oorun tó sì ń dá a padà, ta ni yóò wá tọ́jú ẹ̀mí ọmọ mi nínú oorun tí dókítà ṣe? Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì náà wá kìlọ̀ fún mi pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ kan ẹnu Bushrah, ìbáà ṣe omi, títí wọn yóò fi ṣe é tán. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe tí àwọn fúnra wọn gbé ike omi kọ́ sórí irin, tí wọ́n fi rọ́bà tín-ínrín kan ti omi náà sí i lápá, tó ń kán tó, tó, tó. Mo ní bí omi kò bá dára fún un, kí ló dé tí àwọn ń fún un? Mo rò ó pé ọ̀nà apá ni tiwọn, wọn kò kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀nà ẹnu ni. Mo sì ní hàntú lọ́wọ́, súrà tí Álífà Kareem kọ sí wàláà tó fi omi fọ̀ sínú ìgò fún mi kí n tó kúrò nílé. Mo wò ó pé èyí kì í ṣe omi, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í wọlé, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ó jẹ tàbí ó mu nǹkan kan, mo ní rárá. Obìnrin kan jókòó tì mí, Rúùtù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ó ń tajà ní Ọjà Igbó níbí, ọkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo dọ́gbọ́n bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá kun èèyàn lóorun tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, omi náà lè gòkè kó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ẹni náà sì lè kú. Mo ní ṣé omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run náà lè pa èèyàn, ṣé Ọlọ́run tó lè ṣe ohun gbogbo kò lè dá omi kékeré dúró ni? Ó ní Ó lè dá a dúró, ṣùgbọ́n Ó ti fi yíyàn lé wa lọ́wọ́, kì í fipá di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú. Mo ní èmi tí mo bí ọmọ, bí mo bá rí i tó gbé abẹ, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Rúùtù ní òun náà ti ń bi Ọlọ́run léèrè láti ìgbà tí òun ti sin ọmọ òun. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn tó lọ ilé ìwé ìjọ bíi tirẹ̀ ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí.

Álífà máa ń sọ pé ewé kan kì í já lẹ́yìn Ọlọ́run. Mo fẹ́ fara ti ọ̀rọ̀ yẹn, kí n ní bó bá ti wà nínú kádàrá, ó ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Hafeez, ọwọ́ mi ló gbé ìgò, ẹnu mi ló sì parọ́. Mo sáré, bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀, mo di ilẹ̀kùn mú, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n tì í padà síta. Dókítà kò bá mi jà, ó ní ó dára tí mo sọ, àwọn á dúró títí ọ̀sán kí omi náà lè lọ sílẹ̀. Mo ní ṣé ìfun yẹn náà á dúró títí ọ̀sán. Ó ní àwọn á máa ṣọ́ ọ.

Bí ìfun bá bẹ́, èmi ni mo dá wọn dúró. Bí mo bá sì ti panu mọ́ tí omi náà pa á ńkọ́, èmi náà ni. Kí wá ni Ọlọ́run ń ṣe láàárín gbogbo èyí? Má sọ fún ìyá rẹ pé mo béèrè bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀sán ti pọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ti Bushrah wọlé báyìí ni. Ó di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ṣé hàntú yẹn ṣì kù. Mo ní ó ti tán.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán dẹ́rẹ́bà tó bá ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ká lè fi ra oògùn àti mílíìkì fún un. Má fi sí báńkì, nítorí bí wọ́n bá tì í mọ́lé sí Èkó lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ wo ni owó yóò fi rìn dé ọ̀dọ̀ mi?

Láti kékeré ni mo ti ń parí àdúrà mi pé kí Ọlọ́run ṣe bó ti wù Ú. Lónìí ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́, torí n kò mọ ohun tó wù Ú. Ohun tó wu èmi ni mo sọ fún Un, pé kí Bushrah jí. Ìwọ náà, bá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi ọ́ lé ọwọ́ ara rẹ, kó má sì fi mí lé ọwọ́ ara mi mọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàníyù