Mo Ti Fá Ìbàdí Ọmọláńgidi Yín

Èmi Músílíù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ìwé yìí ní Ilérò. Bàbá Ràṣídì, àgbẹ̀ oníṣu, ló ń sọ̀rọ̀. Wọn kò kàwé, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ bá bàbá àwọn tó ti kú sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní kí wọ́n ṣe àdúà fún òkú, kó tán níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ṣe àdúà, pé Ọlọ́run ni èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ nínú àdúà, àárín àwọn àti bàbá àwọn sì ni èyí wà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo jọ lójú, tí mo tún jọ ní agídí,

Mo kí yín. Òjò tètè dé lọ́dún yìí, lẹ́yìn náà ló lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rántí wa padà. Díẹ̀ nínú iṣu tí mo gbìn sí oko etí odò ti jẹrà nínú ebè. Orúnkún ọ̀tún mi kò jẹ́ kí n lè kọ ebè tó ga bíi tiyín mọ́, kékeré kékeré ni mò ń kọ báyìí. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa bú mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iṣu ni mo ṣe pe tíṣà.

Ọ̀rọ̀ ọmọláńgidi Ìyá Kàrímù ni. Ìyá Kàrímù ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti padà sílé wa láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Yàrá tó kọjú sí ọgbà ni mo fún un.

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí Ṣìfáwù àbúrò wa kú ní ọmọ ọwọ́, àmọ́ mo rántí. Bí ìyá wa bá ti lọ sóko, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń pọ̀n ọ́n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ òun náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Nígbà tí wọ́n sin ọmọ náà tán, ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ohun tí yóò fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. Ó ká ìró, ó pọ̀n ọ́n. Ó pọn àpótí ìjókòó. Ó pọn iṣu. Ìyá wa á já a gbà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì á wá jọ máa sunkún.

Ẹ̀yin wá lọ gé igi ìrè. Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ọmọláńgidi fún ọmọ ará àdúgbò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, okùn lẹ kọ́kọ́ máa ń fi wọn ẹ̀yìn ọmọ náà láti ọrùn dé ìdí, kí ọmọ igi má baà ga ju ẹni tó máa pọ̀n ọ́n lọ. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò wọn ẹ̀yìn kankan. Gígùn Ṣìfáwù gan-an lẹ gbẹ́. Ọmọ ti wà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn. Níbo lẹ ti rí ìwọ̀n rẹ̀? Ṣé ọwọ́ yín ló rántí ni?

Ọmọláńgidi àwọn yòókù rí gbọọrọ, ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́ra. Irú rẹ̀ máa ń yọ̀ bọ́ lẹ́yìn ọmọdé ni, torí ọmọ tí a bá pọ̀n gbọ́dọ̀ ya ẹsẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbẹ́ orí itan rẹ̀ róbótó bí ọmọ ayò, ẹ dá ihò sí ìbàdí tí yóò gbà á, ẹ fi awọ tín-ín-rín so wọ́n láti inú. Nígbà tó yá, tíúbù kẹ̀kẹ́ lẹ fi pààrọ̀ awọ. Ẹ fi òrí pa inú ihò náà. Itan ń yí, ó ń ya, ó sì ń dì mọ́ ìbàdí ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ikùn rẹ̀ yọ, ìdí rẹ̀ fẹ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, tí ẹ ó gbé e sétí, tí ẹ ó máa rọra yí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ń ha. Nígbà tí àáfà sì wá bá yín pé ère lẹ ń gbẹ́, ẹ ní tí ó bá rí ẹni tó pọn òrìṣà lọ pọnmi lódò, kó wá pè yín.

Ní báyìí, Sìdíkátù ọmọ Ràṣídì, ọmọ-ọmọ mi, ń ránṣọ ní Ìṣẹ́yìn. Aṣọ ọmọláńgidi ló ń rán. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àwọn àgbàlagbà kan wà, Bàbá, ní Èkó, ní Àbújá àti lókè òkun, obìnrin ilé ọkọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n, tí wọ́n ń kó ọmọláńgidi jọ. Wọn kì í pọ̀n ọ́n. Wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ àti irun fún un, kódà wọ́n á pààrọ̀ ẹyinjú rẹ̀, wọ́n á wá ya fọ́tò rẹ̀ han ara wọn lórí fóònù. Nígbà tí Sìdí gbé ọ̀kan wá hàn mí, mo gbé e sétí, mo yí itan rẹ̀. Orí itan náà rí róbótó, rọ́bà gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ní, “Ta ló jí iṣẹ́ bàbá mi?”

Ìṣòro Sìdí ni pé ìwọ̀n wọn kì í dúró sójú kan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó ga dé itan èèyàn ni gbogbo wọn ń wá, ló bá rán aṣọ òfì kún àpótí. Kí aṣọ náà tó tán, wọ́n ní ó ti tóbi jù, èyí tó gùn tó ìgúnpá sí ọwọ́ làwọn ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ìbàdí tín-ín-rín ló kù báyìí, àyà pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ gbọọrọ bíi ti lékeléke. Aṣọ èṣí kò wọ ti ọdún yìí. Orí ọ̀kan kò bá ọrùn èkejì mu.

“Bàbá àgbà, wọ́n mà tún ti pààrọ̀ ara.”

“Ara ta ni?”

“Ara ọmọláńgidi.”

“Ṣé ara ti di ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ ni? Kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi pààrọ̀ orúnkún.”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ya fọ́tò ọmọláńgidi yín, ó gbé e síbi tí gbogbo wọn ti ń wò ó. Wọ́n yin oríkèé rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní ìdí rẹ̀ ti fẹ̀ jù, wọ́n ní kò lè dá dúró. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ikùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tó ní aràn. Sìdí kà á fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní màá fi hàn wọ́n.

Mo gbẹ́ mẹ́rin fúnra mi, pẹ̀lú ìbàdí tín-ín-rín tí wọ́n ń fẹ́. Gbogbo oríkèé wọn ló ń ha. Ọwọ́ ebè ni ọwọ́ mi, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí agídí ṣe gùn mí nìyẹn. Mo ní oríkèé yín ni mo nílò, ìyókù á rọrùn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ kí Kàrímù ní Òkakà, mo ṣí àpótí rẹ̀. Mo fá ìdí ọmọláńgidi náà. Mo fá ikùn rẹ̀ títí ó fi tẹ́. Mo fi igi há ihò itan rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà ya mọ́. Mo gbé e sílẹ̀, ó dúró. Bàbá, ó dúró láìsí ẹni tó dì í mú. Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Sìdí dé. Kò kí mi tán tó fi rí i lórí tábìlì.

“Bàbá àgbà, kí lẹ ṣe sí i?”

Ó ní kékeré oníkùn ti dé báyìí, ọmọ ọwọ́, ìdí fífẹ̀, itan tó ń ya. Ó ní èyí tó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi padà láti Òkakà. Tí ìdí bá ń ro ó, ó ṣì máa ń pọn ọmọláńgidi yẹn, ó ní ó ń bá òun di ìdí mú. Ó wá a, kò rí i. Mo ní ikán ti jẹ ẹ́.

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀.”

“Ikán kì í jẹ rọ́bà. Mú rọ́bà rẹ̀ wá.”

Mo gbé ọmọláńgidi náà wá. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé e sẹ́yìn, ó so ìró mọ́ ọn. Ọmọláńgidi náà yọ̀ wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà balẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé nítorí kó lè dá dúró ni.

“Ta ló ní kó dúró? Ṣìfáwù ti ń dúró kó tó kú ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo ti di bàbá àgbà. Ó ní kí n dìde, pé kì í ṣe òun ni mo ṣẹ̀. Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn ló mú mi wá síwájú yín.

“O rò pé mi ò mọ̀ pé igi ni? Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Bàbá ni mo ń pọ̀n ọ́n fún. Tí ẹ̀yìn mi bá ṣófo, wọn kì í jẹun. Tí mo bá ti pọ̀n ọ́n kọjá lójúde, wọ́n á bu òkèlè. Bàbá lo ṣẹ̀. Lọ sọ fún wọn fúnra rẹ.”

Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá? Ṣé ẹ máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀? Inú àwo kan náà la ti jọ ń jẹun, mi ò rí i. Ohun tí mo rí ni ọkùnrin tó sin ọmọ láàárọ̀, tó lọ kọ ebè lọ́sàn-án. Mo rò pé bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì tí a sin Ìyá Ràṣídì ni mo gbé ọkọ́. Ràṣídì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Láti ìgbà yẹn, kì í wá sílé, Sìdí ló ń rán sí mi láti Ìṣẹ́yìn. Ó gbà pé mi ò fẹ́ràn ìyá òun. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí n kọ́ lára yín nìyí? Àbí èmi ni mo wo ibi tí kò yẹ kí n wò?

Ẹ foríjì mí. Igi tí mo ti fá kò lè padà hù. Ọmọláńgidi náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ mi tún kàn án.

Bílẹ̀ bá mọ́, màá gun ọ̀kadà lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ bá Ràṣídì. Màá sọ fún un pé mi ò kọ ebè kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó sídìí igi ẹmi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, mo sunkún ìyá rẹ̀ títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Màá sọ ọ́ lójú rẹ̀, bó bá gbà mí gbọ́, bí kò gbà mí gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sọ ọ́ fún yín rí nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún Bàbá Ràṣídì, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún wọn síbí.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Sìdíkátù ọmọ Ràṣídì, tó fọwọ́ sí i, àti Ìyá Kàrímù, tó tẹ̀ka, tó sì ní kí n kọ ọ́ pé òun náà wà níbẹ̀.