Ilé Méjìdínlógójì Tí Máàpù Kó Sọdá Odò

Ilé-Ìgbẹ̀bí Kékeré,
Òdìkejì Odò.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìwádìí àti Máàpù Ìlera,
Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ TÚN MÁÀPÙ ÌWÁDÌÍ YÍN ṢE KÍ Ẹ TÓ TI ILÉ-ÌGBẸ̀BÍ WA

Ọdún kọkàndínlógún mi rèé tí mo ti ń gbẹ̀bí níbí. Ní ọjọ́ Ajé, ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n ti ìlẹ̀kùn ní ìparí oṣù, nítorí ìwádìí yín sọ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló wà láàárín gbogbo ilé àdúgbò wa àti ilé-ìwòsàn ńlá. Háà! Ẹsẹ̀ ta ni ẹ fi wọ̀n ọ́n?

Ojú mi ló ṣe. Òṣìṣẹ́ yín méjì gbé ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ojú ibi tí ilé wà dé. Ó yẹ kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wo odò, wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ wọn, wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níhà ilé-ìwòsàn ńlá lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí baálé kọ̀ọ̀kan wá bá àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dé ilé. Wọ́n ní orúkọ ti tó. Orí ìjókòó yẹn ni wọ́n ti tẹ ẹ̀rọ fún ilé méjìdínlógójì.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní Ọjọ́rú. Akọ̀wé yín ṣí máàpù náà fún mi lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ilé wa wà lójú kan ṣoṣo, lábẹ́ igi náà. Ibi tí à ń gbé gan-an, koríko ni ẹ fi síbẹ̀. Akọ̀wé ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. N ò bá a jà, iṣẹ́ ni wọ́n rán an.

Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló ń gbé wa sọdá, kì í sì í ṣiṣẹ́ bí odò bá kún. Kí ilé-ìgbẹ̀bí yìí tó dé, etí omi ni ìyàwó àbúrò mi ti ń rọbí, tó ń retí ọkọ̀, títí ẹ̀mí fi bọ́ lára òun àtọmọ. Inú ń bí mi, ẹ̀yin ọ̀gá, n ò sì ní bò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá àṣẹ ìtìlẹ̀kùn yẹn dúró. Ẹ rán ẹni tí yóò tẹ ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ni n ó mú un káàkiri. Omi ti ń kún. Aboyún mẹ́ta ni yóò bí lóṣù tó ń bọ̀. Àbígbẹ̀yìn mi ni ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìjọba,
Ìyá Agbẹ̀bí,
Alábòójútó Ilé-Ìgbẹ̀bí.