Awò Ààbò Tí Mo Fi Ojú Ara Mi Wọ̀n

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé-Iṣẹ́ Omi.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ọmọ wa obìnrin ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń kàwé títí imú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé? Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá ńkọ́, ṣé ó ti ń rọlẹ̀? Ara tèmi le, ara àwọn ará ilé mi náà le, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé lẹ́tà rẹ ti wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú bírò tí mo tún gbé e sílẹ̀. Wàá sì ti rí i pé n kò pè ọ́ ní Olójú-Mẹ́rin lónìí, èmi tí mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn láti kíláàsì kìíní tí o ti gbé awò ojú wá sílé-ìwé. Má rò pé inú ló ń bí mi. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Inú mi dùn gan-an pé wọ́n fi ọ́ ṣe olórí yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tuntun ní ilé-ìwé yín, ó sì tún dùn mọ́ mi pé ọmọ wa yóò wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ lò ó. O ní kí n sọ irú awò ààbò tí àwa ń lò níbi iṣẹ́ omi fún ọ, kí o lè ra irú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí o rántí pé èmi ni mo yàn án. Òótọ́ ni, èmi ni mo yàn án. Jọ̀ọ́, má ra irú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyàwó mi, kò sẹ́ni tí mo tíì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò yàrá àyẹ̀wò mú awò náà wá sí ọ́fíìsì mi. Dígí rẹ̀ mọ́ kedere, rọ́bà sì yí etí rẹ̀ ká kí nǹkan olómi má bàa wọlé. Mo fi sójú, mo lọ wo ara mi nínú dígí ilé ìwẹ̀, mo mi orí sọ́tùn-ún, mo mi ín sósì, kò yẹ̀. Ó bá mi mu bí ẹni pé wọ́n wọn ojú mi kí wọ́n tó ṣe é. Mo ní kí ó kó mọ́kànlá wá, ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo wa ti ní awò ààbò, mo sì fọwọ́ sí i. Ìwọ náà mọ̀ pé ojú mi kò gba awò rí. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹni mẹ́ta nínú wa ti ní awò tí dókítà ojú fún wọn lójú tẹ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni obìnrin kan tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń mú nǹkan. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí, kò fọ́ ìgò kan rí. Awò náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ wa tó fi wá bá mi níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Ọ̀gá, awò yìí ò gba tèmi mọ́ra o. Tí mo bá wọ̀ ọ́ lé e, apá awò mi máa ń gbé rọ́bà yẹn sókè, àyè á wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Tí mo bá sì yọ tèmi, mi ò ní rí nọ́ńbà ara ìgò." Ṣé o mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn? Mo ní, "Ojú mẹ́rin tó o ní ò tó ọ, o tún fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́fà." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì mẹ́nu bà á mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi fọ́ lọ́jọ́ náà, n kò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù karùn-ún ọdún yìí. Jẹ́jẹ́ fẹ́ po ásíìdì tí a fi ń fọ ìgò mọ́ omi. Ìdérí ìgò ásíìdì náà le, ó ń fi agbára yí i, bó sì ṣe ṣí lójijì, ásíìdì ta sókè. Igbe kan ṣoṣo ni mo gbọ́. A gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Bí mo ṣe bọ́ awò ààbò náà kúrò lójú rẹ̀ ni mo rí i pé iwájú dígí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nǹkan kan kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ásíìdì bá wọlé, níbi tí apá awò rẹ̀ ti gbé rọ́bà sókè, ibi tó fi hàn mí gan-an. A ń da omi sí i lójú títí ọkọ̀ fi dé.

Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n ojú òsì náà kò ríran mọ́. Nígbà tí mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, mo wọ̀ ọ́ o." Ó rò pé mo wá bi í bóyá ó tẹ̀lé òfin ni. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sunkún níwájú ìyá rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kí n dìde. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nítorí náà, gbọ́. Awò tí dókítà ojú fún ni, ìríran ló wà fún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ó tó fún ààbò. Irú kan wà tí inú rẹ̀ jìn, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rọ́bà rẹ̀ fún apá awò, tó sì ń bo awò ojú ẹni pátápátá. Òmíràn wà tí wọ́n máa ń fi agbára awò ẹni sínú awò ààbò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló lè lo ìyẹn, agbára awò àwọn ọmọdé sì ń yí padà. Èyí tí inú rẹ̀ jìn yẹn ni kí o wá. Kí ihò atẹ́gùn wà lára rẹ̀ kí dígí má bàa ṣú, àmọ́ kí ihò náà ní ìbòrí. Má fi ojú ara rẹ nìkan wọ̀n ọ́, bí ìwọ náà tilẹ̀ ń lo awò, torí ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Pe ọmọ wa, kí ó wọ̀ ọ́ lé tirẹ̀, kí ó tẹrí ba bí ìgbà tó ń kàwé, kí o wá fi ìka tọ etí rọ́bà náà yí ká. Ibi tí ìka rẹ bá ti rí àyè, ásíìdì náà yóò rí i. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ tó ń lo awò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá sì ní kò bá òun mu, má fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Jẹ́jẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Mo ní òun ni kí ó yan awò ààbò tuntun fún wa. Ó yẹ oríṣi mẹ́ta wò fún odindi àárọ̀ kan, ó mú ọ̀kan, ó wá bọ́ awò ojú tirẹ̀, ó nà án sí mi. Ó ní, "Ẹ fi tèmi sójú ná, Ọ̀gá, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ lé e." Mo fi sójú. Lápá ọ̀tún, gbogbo yàrá dàrú, n kò mọ ìgò yàtọ̀ sí ènìyàn. Lápá òsì, mo ń rí ohun gbogbo kedere, títí kan nọ́ńbà ara ìgò lórí pẹpẹ. Ó yà mí lẹ́nu. Mo sọ fún un pé dígí òsì yìí kò lágbára kankan, bóyá wọ́n ṣàṣìṣe.

"Wọn ò ṣàṣìṣe," ó ní. "Wọ́n ní kò sídìí fún un mọ́."

Ó wọ awò ààbò náà lé e fún mi, ó fa okùn rẹ̀ le lẹ́yìn orí mi, ó wá fi ìka tọ etí rọ́bà náà yí ká ojú mi, jẹ́jẹ́, ó ní ó dáa, àyè ò sí.

Orúkọ èyí tí òun yàn ni mo kọ sẹ́yìn ìwé yìí. Bá mi kí ìyàwó wa àti bàbá, kí o sì fọwọ́ pa ọmọ wa lórí fún mi.

Èmi ni tìrẹ bí ti àtẹ̀yìnwá,
Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Aláwàdà.